Ipò Ń Ga, Ọkọ̀ Ń Gbó: Àwọn Mọ́tò Tí Mo Ti Wà Àti Àwọn Ọ̀nà Tí Wọ́n Gbé Mi Gbà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàlagbà kan ti ní mọ́tò nígbà tí nǹkan ṣì dáa nílẹ̀ yìí, ẹ má wulẹ̀ bi í pé èló ló ní ní báńkì. Ẹ bi í ní nọ́ńbà ọkọ̀ tó kọ́kọ́ rà. Ẹni tí kò rántí ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ kẹta, tí ìyàwó ẹ̀ ń bá a jà lórí ẹ̀ lọ́dọọdún, yóò ka nọ́ńbà yẹn fún yín láìmí, látorí OY títí dé ìparí. Yóò sọ àwọ̀ ẹ̀. Yóò sọ ilé epo tó ti ń ra epo sí i. Bí ẹ ò bá sì tètè dìde, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣe ohùn ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fún yín.

Èmi náà wà lára wọn. Ọdún márùndínlógójì gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì Àgodi, n'Ìbàdàn, mọ́tò mẹ́rin péré ni mo sì ti ní láyé mi. Nígbà tí mo jókòó tí mo to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú ara wọn, mo rí ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín tó tún dùn mí. Bí ipò mi ṣe ń ga lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò mi ń gbó. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé kékeré, mọ́tò tuntun ni mo ń wà, tí ìdí ẹnì kankan ò kàn rí. Nígbà tí mo wá di ọ̀gá tí wọ́n ń kí ní "sà" láti ẹnu géètì, èyí tí òyìnbó lò kù ni mo ń wà wọlé. Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Ẹ bi àwọn ẹgbẹ́ mi wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Ìjàpá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé Volkswagen Beetle là ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn Jámánì tó ṣe é, kòkòrò ni wọ́n rí nígbà tí wọ́n wò ó, Käfer ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Brazil ń pè é ní Fusca. Ṣùgbọ́n Yorùbá wo ẹ̀yìn ẹ̀ tó rí roboto, wọ́n wo bó ṣe fà mọ́lẹ̀, wọ́n ní ọkọ Yánníbo rèé o, kò sì sẹ́ni tó bá wọn jiyàn. Ìjàpá inú àlọ́ gbọ́n, kò tóbi, kò yára, àmọ́ ibi tí ẹranko ńláńlá bá há sí, òun á ti wá ọ̀nà gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa yẹn rí.

Ọdún 1977 ni mo ra tèmi. Owó Udoji tí wọ́n san ní 1975 ti gbé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gun alùpùpù, àwa tá a ní sùúrù la dúró de owó àyálò ọkọ̀. Nígbà yẹn, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti dé ìpele kan, ìjọba á yá a lówó ra mọ́tò, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù ẹ̀, wọ́n á tún máa fún un ní owó ajẹmọ́nú tí yóò fi máa tọ́jú ẹ̀. Ẹ tún un kà kó yé yín dáadáa: owó oṣù, owó oṣù lásán, ló ń ra mọ́tò tuntun. Ohun tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ mi kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí mo ń gbà. Àwọ̀ búlúù ni mo mú, bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò.

Òkè òkun kọ́ ni wọ́n ti to ó o. Ọ̀jọ́ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry, ni. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò ní Kàdúná. Àwọn ọmọ tiwa ló ń de nọ́ọ̀tì ẹ̀, àwọn ọmọ tiwa ló ń kùn ún lọ́dà. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé bóyá ẹni tó de ilẹ̀kùn mọ́tò mi gbọ́ Yorùbá.

Mo ti mọ ọkọ̀ wà kí n tó ní. Ní 1971 ni mo fi Morris Minor àbúrò bàbá mi kọ́ ọ, lápá òsì títì, nítorí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wakọ̀ nílùú wọn làwa náà ń wà á nígbà yẹn. Kò pé ọdún kan tí mo mọ̀ ọ́n tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, 1972 ni. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni mo fi ń sọ ọ́ sókè fún ara mi bí ẹni ń ka kéwú: "ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún." Ẹ fi èyí sọ́kàn, yóò wúlò tá a bá dé Kútọnu.

Ọjọ́ tí mo gbé Ìjàpá délé, bàbá mi ní òun fẹ́ wo ẹ́ńjìnnì. Mo lọ bọ́ ṣòkòtò iṣẹ́. Kí n tó jáde, wọ́n ti ṣí iwájú ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n bá táyà sípíà àti táǹkì epo níbẹ̀. Bàbá mi ò pariwo. Wọ́n kàn rọra fà mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní, "Má jẹ́ kí ìyá ẹ gbọ́. Wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì ẹ kó o tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù." Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn tí mo fi ẹ́ńjìnnì hàn wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní òyìnbó tó ṣe mọ́tò yìí, ọtí ló mu.

Ọtí kọ́, ọgbọ́n ni. Ẹ tẹ̀lé mi ká jọ gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ ó rí i.

Oṣù Kejìlá ọdún yẹn náà là ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè lọ mọ àwọn àna mi. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ìlú náà wà nígbà yẹn, ó di ti Èkìtì ní 1996. Èèyàn márùn-ún la kó sínú Ìjàpá: èmi, bàbá mi, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó sanra, àti aya ẹ̀ tóun náà ò kéré. Iṣu wà níwájú níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà, ọtí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. A gba Aṣèjìrè, a dúró ní Ìkirè ra dòdò. Ẹni tí kò bá tíì jẹ dòdò Ìkirè gbígbóná, tó pọ́n dúdú, tí ata ẹ̀ ń ta lẹ́nu, tí wọ́n fi ewé dì, ẹ sọ fún un pé ó kù díẹ̀ káàtó. A gba Gbọ̀ngán, a gba Ifẹ̀, a dé Iléṣà. Dé ibẹ̀ yẹn, eré ni. Ìgbà tá a dé Ìwárájà tá a yà sọ́nà Ẹ̀fọ̀n lọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà yẹn ń lọ́ bí ejò, ó sì ń gun òkè bí àkàbà. Igbó ń bẹ lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Kò pẹ́ tá a fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bọ́ńnẹ́ẹ̀tì wọn wà lókè, èéfín ń rú láti inú rédíétọ̀. Àwọn ọmọkùnrin ń ru omi lórí, wọ́n ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n ń tà á fún àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn ń hó. Lọ́rì kan há sójú kọ́nà, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń fi igi há táyà ẹ̀. Bọ̀gìnnì ńlá kan tó yà wá sílẹ̀ ní Iléṣà pẹ̀lú fèrè, a bá a níbẹ̀, ọ̀gá tó ni ín bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara ẹ̀.

Ìjàpá ò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lójú, kò sí omi tó máa hó. Mo fà á sí gíà kejì, nígbà tó yá mo fà á sí gíà kìn-ín-ní, ó ń ké gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ bí ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ọmọ olómi kan sáré tọ̀ wá, ó ń wá rédíétọ̀ tó máa bu omi sí. Bàbá mi yọ orí jáde lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Lọ máa lọ o, ọmọ dáadáa. Tiwa kì í mumi." Bí a ṣe kọjá lára bọ̀gìnnì yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi jù ọ̀gá náà lọ́wọ́ bí ọba.

Èrò mi ni pé ìjókòó àna yẹn ti yanjú kí a tó wọlé. Mo ti gbọ́ pé bàbá ìyàwó mi ń bèèrè pé akọ̀wé wo ló fẹ́ gbé ọmọ òun lọ sí Ìbàdàn, kí ló fẹ́ fi bọ́ ọ? Nígbà tí wọ́n jáde tí wọ́n bá Ìjàpá níwájú ilé, tí eruku bo ara ẹ̀, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ta ló ni ín?" Bàbá mi dáhùn kí n tó la ẹnu. Ìyàwó mi sọ títí dòní pé òun ò tìtorí mọ́tò fẹ́ mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ni mi ò lè búra fún.

Ìjàpá yìí náà ló kọ̀ láti gbé mi lọ síbì kan. Ní Òkè-Àdó là ń gbé, lókè, ọ̀rẹ́ mi kan sì ń gbé nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò Ògùnpa. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni mo máa ń lọ ta ayò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ní Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, òjò ti ń rọ̀, gbogbo wáyà púlọ́ọ̀gì mọ́tò mi ti tutù. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò tì í, kò ṣiṣẹ́. Mo bínú, mo wọlé lọ sùn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ògùnpa ya. Ẹni tó bá wà n'Ìbàdàn nígbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé lọ, ẹrù lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá omi lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo rí mọ́tò tí omi kó jọ bí ìdọ̀tí sí ẹ̀gbẹ́ afárá, ọ̀kan lára wọn jẹ́ Ìjàpá bíi tèmi, ó dojú bolẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sókè. Ọlọ́run kó ọ̀rẹ́ mi yọ, orí àjà ni òun àti ìyàwó ẹ̀ sùn mọ́jú. Láti ọjọ́ náà, bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ láàárọ̀, mi ò kì í bú u mọ́.

Mọ́tò yẹn gbẹ̀yìn gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ láyé. Ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún tí wọ́n ṣe kó tó di pé wọ́n to èyí tó kẹ́yìn ní ìlú Puebla, ní Mẹ́síkò, lóṣù keje 2003. Tèmi, ọdún mẹ́jọ ni mo fi wà á. Olùkọ́ kan láti Ọ̀yọ́ ló rà á ní 1985.

Ohun tó jẹ́ kí n tà á ni Píjò 504. Kí n má parọ́ fún yín, òun ni àyànfẹ́ mi. Ìjàpá ni ìfẹ́ ìgbà èwe, Píjò ni ìyàwó ilé. Tuntun kọ́ ni mo rà o, ẹ ti ń rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti ga ju bí mo ṣe wà ní 1977 lọ, àmọ́ owó àyálò ọkọ̀ ti ń ṣòro rí, iye tí mọ́tò tuntun ń gbà sì ti ga ju òrùlé lọ. Ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Ìbàdàn tó ń fẹ̀yìn tì ló tà á fún mi, ọdún márùn-ún péré ló fi lò ó, ó sì tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin.

Àwọn Faransé gbé 504 jáde ní 1968. Nígbà tó fi di 1983, wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe èyí tí ìdílé ń lò nílùú tiwọn, ṣùgbọ́n Kàdúná ò dúró, wọ́n ń to ó lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó yẹ wá ni. Ó ga nílẹ̀, ó rọ̀ lórí gàlegàle, ẹ lè fi wọnú kòtò kẹ́ ẹ jáde kí ọmọ tó sùn lẹ́yìn má mọ̀. Gómìnà ń gun ún, alága ìjọba ìbílẹ̀ ń gun ún, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn ló sì ń kó èrò láti gáréèjì kan sí òmíràn káàkiri Nàìjíríà. Ọmọ tí kò bá tíì jókòó sórí ìjókòó ẹ̀yìn gan-an nínú Píjò elérò, tí eékún kan àgbọ̀n, kò tíì rin ìrìn-àjò.

Ọ̀nà tiẹ̀ ni màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Wọ́n ṣí i ní 1978, ó lé ní kìlómítà 120. Kó tó dé, Ìkòròdú àti Ṣágámù la máa ń gbà, tàbí ká gba Abẹ́òkúta, odindi ọjọ́ kan lè bá a lọ. Nígbà tí màrosẹ̀ ṣì tutù, bí mo bá fi Píjò gbéra ní Challenge lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná ni mo máa bá lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹjà. Èyí tó bá wà nídìí sítíárì nígbà náà, tó gbé kásẹ́ẹ̀tì sí i, tí gíláàsì wà nílẹ̀, tí ọmọ mẹ́ta ń jà lẹ́yìn lórí ẹni tó máa jókòó lójú fèrèsé, kí ló tún ń wá láyé? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dá mi dúró lójú ọ̀nà yẹn. Mẹkáníìkì kan ló fi rọ́bà àlòkù sí rédíétọ̀ mi tó gba owó tuntun, ó bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́bàá Ògèrè. Omi tútù tí àwọn ọmọ gbé dání nínú kúlà ló gbé wa délé.

Lẹ́yìn náà ni 1986 dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní ṣàlàyé púpọ̀. Títí di ọdún tó ṣáájú ẹ̀, náírà wa ṣì lágbára ju dọ́là lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1986 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ sójú ọjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Lítà epo bẹntiróòlù tá a ń rà ní kọ́bọ̀ 15 àti díẹ̀ ní ìparí 1978 ti di kọ́bọ̀ 39 ààbọ̀ lọ́dún yẹn. Mọ́tò tuntun di ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò lójú títì bí ẹni ń wo ọ̀kọ̀ òfuurufú. Àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nọ́ọ̀sì lọ, ẹnjiníà lọ, olùkọ́ yunifásítì lọ.

Ní 1991, ó kan ilé wa. Àbúrò mi tó jẹ́ dókítà rí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí, owó ìdánwò tó máa ṣe níbẹ̀ kò sí. Bàbá mi ní àwọn á ta ilẹ̀ oko. Mo ní rárá, ilẹ̀ kò ní ẹlẹgbẹ́, Píjò ni kí á tà. Oníṣòwò kan ní Agodi Gate ló rà á. Ó sanwó, a fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀ fún mi ní ọjọ́ kan ṣoṣo sí i, kí n fi gbé ọmọ náà dé pápákọ̀ òfuurufú. Èèyàn rere ni, ó gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wa mọ́tò tí kì í ṣe tèmi mọ́ lọ sí Ìkẹjà. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àbúrò mi, wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú láti Ìbàdàn títí a fi dé ẹnu géètì, wọn ò sọ̀rọ̀. Èmi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Kò tíì dún dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi bí ẹni pé ó mọ̀. Nígbà tá a ń padà bọ̀ lálẹ́, ìyá mi bọ́ síwájú, wọ́n ní ìjókòó ẹ̀yìn ti fẹ̀ jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fọ̀ ọ́, mo kó bíbà àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ ìjókòó, mo wà á lọ sí Gate, mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Mo wọ takisí padà sí ọ́fíìsì.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi wọ takisí. Kò sí ohun tó pọ̀ láti sọ nípa ẹ̀, àyàfi pé ní 1994, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ June 12, tí àwọn onímọ́tò ń sùn sílé epo, èmi ń fẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú wọn, mo ń kí wọn kú ìjókòó.

Lọ́dún 1995, àbúrò mi fi owó ránṣẹ́. Ó ní kí n fi ra mọ́tò. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kò ra á láti Lọ́ńdọ̀nù kó fi ránṣẹ́? Ẹ rántí 1972. Lọ́dọ̀ tiwọn, apá ọ̀tún ni sítíárì wà, kò wúlò fún wa. Àwọn mọ́tò Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì la ń rà, Kútọnu ni wọ́n sì ń gúnlẹ̀ sí. A ti fún wọn lórúkọ: Tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó wá wálé ni tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe yí i. Àwọn ọmọ wa ń rékọjá òkun lọ, irin àlòkù ń rékọjá òkun bọ̀, irin la wá ń kí ní Tòkunbọ̀.

Bọ́ọ̀sì gbé wa láti Mile 2, a dojú kọ ọ̀nà Badagry. Bí a ṣe dé Ọ̀jọ́, kọ̀ńdọ́ tó ta wá níkẹ́ẹ̀tì kígbe pé, "Volks! Ó wà o?" Mo wo ìta. Ilé iṣẹ́ tó to Ìjàpá mi rèé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣíwọ́ Ìjàpá níbẹ̀, kò sí ariwo iṣẹ́ tí mo gbọ́, orúkọ ẹ̀ ló kù fún ibùdókọ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ ra àlòkù ará Bẹ́ljíọ̀mù, mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti to mọ́tò tuntun fún mi nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó jókòó tì mí bèèrè pé ṣé ara mi yá. Mo ní ó yá.

A kọjá Sèmè. Ní Àjàṣẹ́, tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, mo bọ́ sílẹ̀ ra ẹ̀kọ, ìyá tó ń tà á sì fi Yorùbá kí mi, ó ní "Ẹ káàbọ̀ o, ará Nàìjíríà." Ká tó dé Kútọnu ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn alùpùpù tí wọ́n ń pè ní zémidjan, àwọn tó ń gùn wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Àti àwọn mọ́tò! Gbalasa ilẹ̀ kan ni, ó lọ salalu, mọ́tò tò síbẹ̀ bí ẹ̀wà nínú àwo, gbogbo ẹ̀ ló ń dúró de ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà ò gba Faransé, Yorùbá la fi sọ ọ́, ìṣirò ló kàn ń yí láti CFA sí náírà.

Toyota Corolla ni mo mú, aláwọ̀ eérú. Ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ò kó ẹrù ẹ̀ tán. Nínú àpótí iwájú, mo bá àwòrán ọ̀nà Bẹ́ljíọ̀mù kan tó ti gbó níbi tí wọ́n ń ká a sí, ìwé owó ilé epo kan, àti bébà súwíìtì ọmọdé. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, iyanrìn funfun bí iyanrìn etí òkun. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ro ìdílé náà. Ó jọ pé wọ́n fi gbé ọmọ wọn lọ sí etí òkun. Ó jọ pé ẹnì kan níbẹ̀ náà ń ka nọ́ńbà ẹ̀ lórí. Mi ò gbá iyanrìn yẹn dànù. Ní ti bí a ṣe gbé e kọjá bodè àti iye ìgbà tí wọ́n dá wa dúró kí a tó dé Ìbàdàn, ẹ̀yin náà ń gbé Nàìjíríà, ẹ fúnra yín ṣírò ẹ̀.

Ìyá mi ò pè é ní Corolla láé. Orúkọ àbúrò mi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní, "Níbo lẹ páàkì ẹ̀ sí? Ṣé ẹ ti fún un lómi?" Ní 1998, bàbá mi kú. Ìwé àbúrò mi kò tíì pé nígbà náà, tó bá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní lè padà wọlé. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Corolla ló tẹ̀ lé ọkọ̀ òkú níwájú gbogbo ẹbí, níbi tó yẹ kí ọmọ wà. Ìyá mi wo ó, wọ́n ní, "Tòkunbọ̀ dé. Ẹni tó rán an ò dé." Wọ́n wọnú ẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ó dé ní 2004. Ó ti sanra, irun ẹ̀ ti ń funfun. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní kí n gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò òun wá, òun fẹ́ wà á. Mo fún un, ìyá mi jókòó sẹ́yìn. Ó wà á wẹ́rẹ́ jáde ládùúgbò. Bí a ṣe dé oríta Mọ́kọ́lá tó fẹ́ yí, ó kàn bọ́ sápá òsì títì wọ̀ọ̀, bí ará Lọ́ńdọ̀nù, ó dojú kọ bọ́ọ̀sì kan. Mo pariwo pé, "Ọ̀tún! Ọ̀tún!" Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà yọ orí, ó ṣépè fún bàbá wa tó ti kú. Ìyá mi ò bẹ̀rù rárá. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lẹ́yìn, wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Mo fẹ̀yìn tì ní 2007. Corolla dàgbà bíi tèmi, mo tà á ní 2012, ọdún tí epo fo láti náírà 65 sí 141 lóru ọjọ́ kan kí wọ́n tó fà á wá sí 97. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi ra èyí tí mò ń wà báyìí, Nissan Micra. Òun náà gba Kútọnu wọlé, kó tó di pé ìjọba fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Kò ní ẹwà kankan, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kì í mu epo púpọ̀, èyí sì ni mo fi ń dúpẹ́ láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Nígbà tó máa fi di ìparí 2024, lítà kan ti lé ní ẹgbẹ̀rún náírà ní ọ̀pọ̀ ibi.

Wàhálà ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé Micra ni takisí Ìbàdàn. Kò sí ibi tí mo dúró sí tí èèyàn ò ní ṣílẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo dúró ní Mọ́kọ́lá kí n dáhùn fóònù, obìnrin méjì bá bọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátò, wọ́n ní, "Sángo." Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, èmi kì í ṣe takisí o. Ọ̀gá ìjọba tó fẹ̀yìn tì ni mí." Èyí àgbà wo ojú mi, ó wo inú mọ́tò, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà gbé wa, òòrùn ń mú." Mo gbé wọn dé Sángo. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó ju ọ̀ọ́dúnrún náírà sórí ìjókòó iwájú. Mo ní kó mú un, ó ní kí n gbà á, epo ti wọ́n.

Mo gbà á.